Ọmọ Odó Kẹrin

Kò sí ohun tí ojú Yorùbá rí tí ẹnu wọn kò ní ìkíni fún. Òjò rọ̀, ẹ kú òjò. Oòrùn mú, ẹ kú oòrùn. Ẹni tó jókòó síwájú ilé rẹ̀ tí kò ṣe nǹkan kan, wọn á kí i kú ìjókòó, bí ẹni pé iṣẹ́ ni ìjókòó. Aboyún bímọ, ẹ kú ewu. Àgbàlagbà sùn, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Síbẹ̀, ní àdúgbò kan nílùú Oǹdó, ẹnu àwọn èèyàn máa ń dákẹ́ tí wọ́n bá ti dé iwájú ilé Màmá Agnes. Wọ́n á mi orí sí i, wọ́n á rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n á sì yára kọjá bí ẹni tó gbàgbé ọbẹ̀ sórí iná. Kì í ṣe pé wọn kò lẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí wọn yóò fi kí i ni wọn kò rí.

Ẹnìkan gbìyànjú rí. Ìyá Ìbùkún, tí òun àti Màmá Agnes jọ wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, yà wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹ kú àṣẹ̀yìndè o.”

Màmá Agnes ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Ó gbé atẹ sílẹ̀.

“Ta ló kú?”

Ìyá Ìbùkún fẹ́ dìde lórí ìkúnlẹ̀.

“Mo ní ta ló kú nínú ilé yìí? Ṣé ìwọ lo sin ín ni?” Màmá Agnes nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. “Gbogbo ìkíni yín: kú, kú, kú! Ẹ lọ wá èyí tí kò ní kú nínú kí ẹ tó tún wọ ilé mi.”

Àwọn tó gbọ́ ọ rẹ́rìn-ín níkọ̀kọ̀, torí ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún kọjá ẹnu ọ̀nà yẹn lọ bẹ̀ ẹ́ wò, àfi àwọn ọmọ rẹ̀.

Àkọ́bí rẹ̀ ni Kìtán. Kìtán ń kọ́ àwọn ọmọ ní orin nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Àkúrẹ́. Obìnrin gbọọrọ ni, opó ni, yàrá méjì ló ń gbé ní àdúgbò Arákàlé níbẹ̀, ìka rẹ̀ kì í sì í sinmi. Gbogbo ohun tó bá wà níwájú rẹ̀ ló ń lù: tábìlì àwọn olùkọ́, ìdérí ìkòkò, ẹ̀yìn ìjókòó nínú ọkọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Àǹtí Kọ́kọ́kọ́. Ó mọ̀. Ó ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Tó bá di Sátidé, yóò wọ ọkọ̀ lọ sí Oǹdó lọ wo ìyá rẹ̀, yóò sì padà nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ojú tó rẹ̀.

Ó máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ pé kì í ṣe yunifásítì lòún ti kọ́ bí a ṣe ń lu nǹkan, ẹ̀yìnkùlé ìyá òun ni. Òótọ́ ló ń sọ. Àgbẹ̀ oníkòkó ni bàbá wọn nígbà ayé rẹ̀, alágbàṣe kì í wọ́n nínú ilé, gbogbo wọn ló sì ń jẹyán. Nítorí náà odó ńlá kan wà lẹ́yìnkùlé, ọmọ odó mẹ́rin ló sì ń wọ inú rẹ̀ pọ̀: ti Màmá Agnes, ti Kìtán, ti Ọlábísí tó tẹ̀ lé e, àti ti Peculiar, àbíkẹ́yìn.

Ẹni tí kò bá gún iyán ẹlẹ́ni mẹ́rin rí á rò pé agbára ló gbà. Àyè ló gbà. Bí tèmi ṣe ń lọ sílẹ̀ ni tìrẹ ń gòkè. Ẹni tó bá kánjú, igi á gbá igi, iyán á kó kókó, ìyá á sì fi ìgbájú dá olúwarẹ̀ lóhùn. Màmá Agnes kò jẹ́ kí wọ́n kà á lẹ́nu. “Ẹ má wojú mi,” ni yóò wí. “Ọghọ́ á mọ̀ ọ́n.” Ọghọ́ ni ọmọ Oǹdó ń pe ọwọ́. Ọwọ́ wọn sì mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Gbì, gbù, gbì, pò. Peculiar ló ni pò yẹn, nítorí ọmọ odó tirẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, òun ló sì ń kẹ́yìn. Àwọn ará ilé kejì a máa fi pò yẹn mọ̀ pé iyán ti ń jinná lọ.

Peculiar kọ́ṣẹ́ irun dídì. Ọwọ́ rẹ̀ dá, ẹnu rẹ̀ dùn, Oǹdó sì há jù fún un. Ọ̀rẹ́ kan ní iṣẹ́ ń bẹ lókè òkun, bẹ́ẹ̀ ló ṣe gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti dé Agádẹ́sì létí aṣálẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́. Ìgbà ìkẹyìn tí wọ́n gbúròó rẹ̀, Líbíà ló ti pè. Atẹ́gùn ń fẹ́ nínú fóònù, ohùn àwọn ọkùnrin ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀.

“Màmi, ara mi le. Ẹ fi àyè mi sílẹ̀ nídìí odó o. Mò ń bọ̀ wá gúnyán.”

Ó rẹ́rìn-ín, fóònù gé. Nọ́ńbà náà kò lọ mọ́.

Wọ́n wá a títí. Wọ́n bi àwọn tí wọ́n kó padà láti ọ̀hún léèrè. Ẹnìkan ní ọkọ̀ ojú omi kan rì ní àsìkò yẹn. Ẹlòmíì ní òun rí ọmọbìnrin kan tó jọ ọ́ ní Trípólì, tó ń dirun fún àwọn obìnrin. Ọdún ń gorí ọdún. Àwọn ọmọ odó mẹ́ta yòókù ti jẹ nídìí, wọ́n ti kúrú. Ti Peculiar ṣì gùn bí ọjọ́ tó lọ. Màmá Agnes a máa fọ̀ ọ́, a máa sá a sóòrùn, a sì dá a padà sí ìdúró rẹ̀ lára ògiri. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gúnyán.

Ọ̀rọ̀ náà wà lọ́kàn Kìtán bí eegun ẹja lọ́nà ọ̀fun. Ó gbìyànjú láti pè é lórúkọ kó lè rí i gbé mì. Àárò? Àwọn tó lọ sí Èkó ni àárò wọn ń sọni, a sì mọ ilé tí wọ́n wà. Ọ̀fọ̀? Ọ̀fọ̀ ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó ní sàréè. Ìrètí ńkọ́? Ìrètí a máa múnú ẹni dùn nígbà mìíràn. Èyí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kàn wà níbẹ̀ ni, láàárọ̀ àti lálẹ́, ó sì ń dùn ún.

Ilé Sherifat ló ti wá yé e. Sherifat, ọmọ bíbí Àkúrẹ́, ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ kan náà, òun àti Kìtán sì ti di ọ̀rẹ́. Ó ń sọmọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ, Kìtán àti Ọlábísí sì wá ràn án lọ́wọ́. Ọlábísí náà ń gbé Àkúrẹ́, òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Wọ́n gbé odó síta, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú ọmọ odó, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí Sherifat fi dáwọ́ dúró.

“Kí ló dé tí uyán yín ń kọsẹ̀ báyìí?” ni ó wí. Uyán ni Àkúrẹ́ ń pe iyán, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. “Mo gún, ẹ gún, ẹ gún, ẹ wá dúró. Tí mo bá ní kí n wọlé, ẹ̀ ń wò mí bí ẹni pé mo jókòó sórí àga onílé. Ta lẹ ń dúró dè?”

Kìtán wo Ọlábísí. Ọlábísí wo inú odó. Kò sí èyí tó mọ̀ nínú wọn pé àwọn ń dúró. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ọwọ́ wọn ń fi ibì kan sílẹ̀ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. Kìtán fi ọmọ odó ti ògiri, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn tó wá ṣe ìkómọ, ó sì sunkún.  Sherifat bu omi fún un, ó ní kí Ọlábísí wá kí àwọn gún un tán, ẹbí ń dúró de oúnjẹ.

Láti ọjọ́ náà ni Kìtán ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin kan. Orin tí kò ní ọ̀rọ̀ ni, fún olùlù mẹ́rin, lórí odó mẹ́rin tí ohùn wọn yàtọ̀ síra. Ó lọ sí Ìpógun lọ bá agbẹ́dó, ó ń kan àwọn odó tútù náà lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dẹtí. Agbẹ́dó náà bi í bóyá iyán ló fẹ́ gún ni àbí ó fẹ́ bá odó sọ̀rọ̀. Ó ní méjèèjì.

Ẹgbẹ́ kan tó ń gbé orin ìgbàlódé lárugẹ ń palẹ̀ mọ́ fún ètò kan nílùú Oǹdó, wọ́n ní àwọn yóò gba orin náà. Kìtán, Ọlábísí àti Sherifat ni olùlù mẹ́ta. Ẹkẹrin ni Ayọ̀dèjì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kàwé nípa lílù, tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Àṣìṣe Kìtán sì nìyẹn. Ayọ̀dèjì lu ipò Peculiar bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Gbì, gbù, gbì, pò. Ó dára, ó pé, kò sì dun ẹnikẹ́ni.

“Dèjì, jọ̀ọ́, má lù ú,” ni Kìtán wí.

“Èwo, mà?”

“Gbogbo ẹ̀. Gbé e sókè, sọ ọ́ kalẹ̀, má jẹ́ kó kan odó.”

“Àǹtí, ṣé ẹ pè mí láti Ìjàrẹ́ kí n wá fẹ́ atẹ́gùn sí odó ni?”

Sherifat rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ayọ̀dèjì ṣe é. Ó gbé ọmọ odó sókè, ó jù ú sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára, ó sì mú un dúró bó ṣe kù díẹ̀ kó kan ìdí odó. Ó tún ṣe é, ó tún ṣe é. Nígbà tí wọ́n parí, apá rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní lílù tí òun kò lù yìí le ju gbogbo èyí tí òun ti lù láyé òun lọ. Kò tún ráhùn mọ́.

Wọ́n bi Kìtán ní orúkọ orin náà, kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ètò. Ó ronú, ó ní kí wọ́n kọ Àyè.

Bàbá Dúrótoyè, àbúrò bàbá wọn tó di olórí ẹbí, ló bá wọn gba gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní Oǹdó. Kìtán dúpẹ́ gidigidi. Ó ti ní in lọ́kàn láti bẹ ìyá rẹ̀ kó yá òun ní ọmọ odó Peculiar fún eré náà. Ṣùgbọ́n Sátidé tó wọ ìlú, àwòrán àbúrò rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí lára ògiri, lójú títì, lórí ìwé ńlá: “Ètò Orin ní Ìrántí Ọmọ Wa Ọ̀wọ́n, Peculiar. Sùn re o.” Ọ̀kan wà lára ògiri tó dojú kọ fèrèsé ìyá rẹ̀ gan-an.

Ó kan ilẹ̀kùn. Wọn kò ṣí i. Fèrèsé ni ohùn Màmá Agnes ti jáde.

“Kìtán. Ìwọ náà ti wá kí mi kú.”

“Màmi, kì í ṣe èmi ni mo—”

“Mo bí ọ, mo kọ́ ọ ní odó. O wá fẹ́ fi odó sin ọmọ mi. Padà sí Àkúrẹ́.”

Fèrèsé padé. Kìtán dúró níbẹ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì tó rà bọ̀ lọ́wọ́. Ó ti pàdánù àbúrò kan tí kò mọ bóyá ó wà. Ó rí i nísinsìnyí pé ìyá tó wà lẹ́yìn fèrèsé náà ń bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ẹ̀rù bà á ju bó ti bà á láti ìgbà tí fóònù ti gé lọ.

Ó gba ilé Bàbá Dúrótoyè lọ, ó kúnlẹ̀ kí i tán, ó bi í ní ohun tó mú un lẹ àwòrán. Bàbá náà bọ́ awò ojú rẹ̀.

“Àwọn àgbà ti parí ọ̀rọ̀ yìí kí a tó bí mi,” ni ó wí. “Ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi nù. Ẹni tó kú, a ó sin ín, a ó sunkún, a ó jẹun. Ìyá rẹ kò rí ibi tí yóò sunkún sí. Mo fẹ́ fún un níbì kan ni.”

Ìkà kọ́ ni Bàbá Dúrótoyè. Kìtán mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kó ṣòro láti dá a lóhùn.

“Bàbá, ẹ má bínú. Torí pé ohun tó ṣe wá kò lórúkọ, ṣé ká wá lọ yá orúkọ òkú fún un? Bí àwòrán yẹn bá wà lára ògiri, èmi kò ní lù.”

Bàbá tún awò ojú rẹ̀ wọ̀. “Lọ yọ wọ́n fúnra rẹ,” ni ó wí níkẹyìn. “Omijé ni mo fi lẹ̀ wọ́n, mi ò lè tún fi ọwọ́ mi ya wọ́n.”

Kìtán ra omi inú ọ̀rá, ó bẹ̀rẹ̀. Ó ń rin ìwé, ó ń fi èékánná họ ọ́. Àwọn ọlọ́kadà ń wò ó. Ó fi èyí tó wà níwájú ilé ìyá rẹ̀ ṣe ìkẹyìn, kò sì jẹ́ kí ojú àbúrò rẹ̀ ya. Ó rọra ká a, ó fi sínú báàgì. Ó mọ̀ pé ẹnìkan wà lẹ́yìn aṣọ fèrèsé. Fèrèsé kò ṣí.

Ọjọ́ eré pé. Gbọ̀ngàn kún ju bí wọ́n ṣe rò lọ, nítorí òfófó ti polówó rẹ̀ ju ìwé lọ. Ìwé ètò tí wọ́n pín kò ní àmì ohùn lórí, alága ètò sì ka orúkọ orin náà bó ṣe wá sí i lẹ́nu: “Èyí tó kàn ni Ayé, láti ọwọ́ olùkọ́ wa…” Kìtán kò ṣe àtúnṣe. Ojú rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, níbi tí obìnrin arúgbó kan ti ń wọlé bọ̀ pẹ̀lú ohun gígùn kan tó fi ìró wé, tó gbé lé èjìká.

Àwọn èèyàn yà fún Màmá Agnes. Kò jókòó. Ó sọ ohun náà kalẹ̀, ó gbára lé e, ó ń wò wọ́n. Ọlábísí náà ti rí i. Kìtán fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé kí wọ́n dá eré dúró. Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni ohùn ìyá rẹ̀ gan-an: ẹ má wojú mi. Ó mú ojú kúrò lára rẹ̀, ó gbé ọmọ odó sókè.

Gbì, gbù, gbì.

Àwọn èrò rò pé ẹnìkan ṣìṣe. Ó tún wá, gbì, gbù, gbì, ọmọ odó kẹrin wálẹ̀ gììrì, kò sì sí ohun tó dún. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ó yára, ó lọ́ra, ó gbóná, ó rọlẹ̀, ibi kan náà sì ń ṣófo nínú rẹ̀ nígbà gbogbo, títí ẹ̀rín fi tán lẹ́nu wọn. Nígbà tó ṣe, gbogbo gbọ̀ngàn ló ń dẹtí sí ohun tí kò dún ju ohun tó dún lọ. Ní ìparí, àwọn mẹ́ta yòókù dáwọ́ dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, Ayọ̀dèjì nìkan ló kù, tó ń gbé e sókè, tó ń sọ ọ́ kalẹ̀, láìdún, títí òun náà fi dúró.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Wọn kò mọ̀ bóyá ó yẹ.

Màmá Agnes ń bọ̀ níwájú. Bàbá Dúrótoyè dìde láti dá a dúró, ó tún rọra jókòó. Ìyá náà dé ọ̀dọ̀ Ayọ̀dèjì, ó tú ìró, ó gba ọmọ odó ọwọ́ rẹ̀, ó sì fi tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn yẹn sí i lọ́wọ́.

“Tirẹ̀ rèé,” ni ó wí. “Bí o ṣe ń ṣe yẹn náà ni kí o fi ṣe. Má jẹ́ kó kan odó. Òun ni yóò fi kan odó.”

Ayọ̀dèjì dọ̀bálẹ̀. Màmá Agnes yíjú sí àkọ́bí rẹ̀.

“Kí lo pe orúkọ ẹ̀?”

“Àyè ni, Màmi.”

“Àyè ni, àbí ààyè?”

Ọ̀rọ̀ méjèèjì súnmọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu fi ń gba inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì. Kìtán mọ èyí tó kọ. Ó wo ojú ìyá rẹ̀, kò lè sọ ọ́.

“Ààyè ni mo gbọ́,” ni Màmá Agnes wí. Omi ti dé ojú rẹ̀, ó jẹ́ kó máa ṣàn. “Ẹ tún un gún.”

Wọ́n tún un gún.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Kìtán wà lẹ́yìnkùlé, ó ń bá ìyá rẹ̀ bẹṣu. Àwòrán Peculiar wà lára ògiri pálọ̀. Wọ́n ti gé ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ kúrò. Ẹnìkan ń rìn bọ̀ ní iwájú ilé, ó dúró, ó ń lọ́ra bí ẹni tó fẹ́ padà. Ìyá Ìbùkún ni. Ó ti ń ronú láti ọjọ́ eré, ó sì ti rí ìkíni kan.

Ó gbóhùn sókè láti ẹnu ọ̀nà. “Màmá Agnes, àyè wà o?”

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Màmá Agnes. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, ó wá “kú” nínú rẹ̀, kò rí i.

“Ó wà,” ni ó dáhùn. “Wọlé.”